Wọn ò ní kọ ọ́ sínú létà: ọ̀rọ̀ ìdẹ́yẹsí àti ìlọ̀kulọ̀ níbi iṣẹ́

Létà náà ò ju ìlà mẹ́rin lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló gbé e wá bá mi nílé lálẹ́ ọjọ́ kan, oyún oṣù márùn-ún wà nínú ẹ̀, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn ẹ̀, káàdì tí wọ́n fi ń wọ ọ́fíìsì náà ṣì wà níbẹ̀ torí wọn ò rántí gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Wọ́n ní ilé iṣẹ́ ò nílò iṣẹ́ ẹ̀ mọ́, pé àwọn máa san owó oṣù kan fún un dípò nótíìsì, pé kó dá gbogbo ohun tó jẹ́ ti ilé iṣẹ́ padà, pé àwọn gbàdúrà kó ṣe rere níbi tó bá ń lọ. Kò síbi tí wọ́n ti dárúkọ oyún. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìgbà yẹn ni ọ̀gá ẹ̀ bi í ní mítìn-ín àárọ̀ Monday, níwájú gbogbo èèyàn, pé "ìwọ náà ti lọ kó tìẹ wá?" gbogbo wọn sì rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo kọ́kọ́ bi í ni pé ṣé o kọ ọjọ́ tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀? Ó wò mí pẹ̀lú ìyàlẹ́nu. Ó ní "Àǹtí, ta ló máa ń kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀?" Mo ní ó dáa, àwọn wo ló wà níbẹ̀? Ó ní gbogbo wa ni, àwa mọ́kànlá, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó máa lè dúró sọ ọ́ nínú wọn, kálukú ń wá oúnjẹ ọmọ ẹ̀.

Mo mọ irú létà yẹn dáadáa torí èmi náà ti tẹ̀ ẹ́ rí. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ṣiṣẹ́ ní HR, ìyẹn ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nílé iṣẹ́, kí n tó fibẹ̀ sílẹ̀, mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, àmọ́ ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé tí ẹ bá fẹ́ dá èèyàn dúró, ẹ má kọ ìdí. Tí ẹ bá kọ ìdí, ẹ máa ní láti fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn tó bá dé kóòtù. Tí ẹ ò bá kọ nǹkan kan, ẹ san owó oṣù kan, ọ̀rọ̀ bùṣe. Òfin tí àwọn òyìnbó fi sílẹ̀ fún wa ló gbà wọ́n láyè, pé ẹni tó gbani síṣẹ́ lè lé ọmọọṣẹ́ nítorí ìdí tó dáa, nítorí ìdí tí ò dáa, tàbí láìsí ìdí kankan, tó bá ṣáà ti san owó nótíìsì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí pé ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà, kì í ṣe pé òfin ò sí. Òfin wà, ó tiẹ̀ pọ̀. Ṣùgbọ́n wọn ò ní bá yín kọ ìdí sínú létà láéláé, nítorí náà ohun tí ẹ̀yin fọwọ́ ara yín kọ, lọ́jọ́ tí nǹkan yẹn ṣẹlẹ̀ gan-an, òun lẹ máa gbé síwájú adájọ́.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí à ń sọ ná, torí àwọn èèyàn máa ń da gbogbo ẹ̀ pọ̀. Ọ̀gá tó le, tó ń jágbe mọ́ tọkùnrin tobìnrin, tó ń fúnni ní kwẹ́rì torí ìṣẹ́jú márùn-ún, ìwà yẹn ò dáa, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan ò tíì di ìdẹ́yẹsí. Ìdẹ́yẹsí ni kí wọ́n yà yín sọ́tọ̀ torí ohun tí ẹ jẹ́, torí pé obìnrin ni yín, torí pé ẹ lóyún, torí pé Ìgbò ni yín láàárín àwọn Yorùbá tàbí Yorùbá láàárín àwọn Hausa, torí híjáàbù, torí ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ń lọ, torí àìsàn tó wà lára yín, torí pé ẹsẹ̀ yín kan ò ṣiṣẹ́. Ìlọ̀kulọ̀ ní tiẹ̀ ni kí ẹnì kan máa fi ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ yọ yín lẹ́nu, ì báà jẹ́ ẹnu ló fi sọ ọ́ o, ì báà jẹ́ ọwọ́ ló fi kàn yín, ì báà jẹ́ àwòrán ló ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp yín lágogo mọ́kànlá alẹ́. Ìyọlẹ́nu míì sì wà tí kò ní ìbálòpọ̀ nínú rárá, wọ́n á ṣáà dójú sọ yín, wọ́n á máa pè yín lórúkọkórúkọ, wọ́n á gba gbogbo iṣẹ́ lọ́wọ́ yín kí ẹ lè máa jókòó lásán títí ẹ fi máa fẹsẹ̀ ara yín lọ. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta máa ń wọnú ara wọn, torí ọkùnrin tí ẹ kọ̀ fún lónìí lè jẹ́ ẹni tí kò ní buwọ́ lu prómóṣọ̀n yín lọ́dún tó ń bọ̀.

Òfin tó ga jù nílẹ̀ wa, ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, abala 42 ẹ̀ sọ pé wọn ò gbọdọ̀ fi ẹ̀yà, ibi tí èèyàn ti wá, jíjẹ́ akọ tàbí abo, ẹ̀sìn, tàbí èrò òṣèlú dẹ́yẹ sí ọmọ Nàìjíríà kankan, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ìyà jẹ ẹnikẹ́ni torí bí wọ́n ṣe bí i. Ẹ tún un kà, ọjọ́ orí ò sí níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí ìpolówó iṣẹ́ tó ní obìnrin tó rẹwà làwọn ń wá, kó má ju ọmọ ọdún 26 lọ, kó sì ti ní ìrírí ọdún márùn-ún, wọ́n á gbé e síta gbangba, kò sì sẹ́ni tó máa bi wọ́n. Ti HND àti BSc náà kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọmọ poli ni ọ̀rọ̀ yẹn ti dí lọ́nà níbi iṣẹ́ ìjọba àti níbi iṣẹ́ aládàáni, tí wọ́n mọ iṣẹ́ ju ẹni tí wọ́n fi ṣe ọ̀gá wọn lọ. Inú mi kì í dùn sí i, àmọ́ mi ò fẹ́ tan ẹnikẹ́ni jẹ pé abala 42 á gbà á nídìí ẹ̀.

Ohun tó yí nǹkan padà gan-an ni àtúnṣe kẹta tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin yẹn, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2010. Òun ló kó gbogbo ẹjọ́ iṣẹ́ lé National Industrial Court lọ́wọ́, ìyẹn kóòtù tó wà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nìkan, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ ní tààràtà pé ẹjọ́ ìdẹ́yẹsí àti ẹjọ́ ìlọ̀kulọ̀ níbi iṣẹ́ wà lára ohun tó máa gbọ́. Wọ́n tún fún un láṣẹ kó máa wo àdéhùn tí Nàìjíríà bá àwọn orílẹ̀-èdè míì tọwọ́ bọ̀ àti bí ayé ṣe ń ṣe é lóde òní, kó má lọ jẹ́ pé òfin àtijọ́ ti "mo lé ọ láìsí ìdí" yẹn nìkan lá máa dì mú. Kóòtù náà wà l'Ékòó, ó wà n'Íbàdàn, ó wà l'Ákùúrẹ́, kì í ṣe Àbújá nìkan.

Ẹjọ́ tí àwọn lọ́yà máa ń tọ́ka sí jù ni èyí tí wọ́n dá l'Ékòó ní December 2013. Obìnrin kan tó jẹ́ máńéjà ní Microsoft Nàìjíríà ló pè é, ó ní ọ̀gá àgbà ibẹ̀ máa ń fọwọ́ kan àwọn òṣìṣẹ́bìnrin lọ́nà tí kò yẹ, pé torí òun ò gbà fún un ni iṣẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ òun. Adájọ́ dá a láre. Ó ní ohun tí wọ́n ṣe sí i tàbùkù sí i gẹ́gẹ́ bí èèyàn, ó sì tún jẹ́ ìdẹ́yẹsí torí pé obìnrin ni, owó tó lé ní mílíọ̀nù 13 náírà ni wọ́n ní kí wọ́n san fún un. Ohun tó yẹ kí ẹ mú dání nínú ẹjọ́ yẹn ju owó lọ. Ilé iṣẹ́ náà jẹ̀bi mọ́ ọ̀gá yẹn, kò ṣe é ṣe fún wọn láti káwọ́ lẹ́yìn kí wọ́n ní ìwà ara ẹ̀ ló hù, kò kàn wá.

Lẹ́yìn náà, lọ́dún 2017, kóòtù yìí gbé ìlànà tuntun jáde nípa bí wọ́n ṣe ń pe ẹjọ́ níwájú ẹ̀, abala kan wà níbẹ̀ tó wà fún ìlọ̀kulọ̀ nìkan, ó sì wúlò gan-an fún ẹni tí ò mọ̀ bóyá ohun tí wọ́n ń ṣe fún òun tó nǹkan tí èèyàn ń sọ síta. Wọ́n ní ẹni tó bá fẹ́ pe ẹjọ́ gbọ́dọ̀ sọ irú èyí tó jẹ́. Ó lè jẹ́ ti ara, bẹ̀rẹ̀ láti orí fífọwọ́kàn títí dé ìfipábánilòpọ̀, kódà kí ọkùnrin ní kí obìnrin bọ́ṣọ kí òun lè yẹ ara ẹ̀ wò wà níbẹ̀. Ó lè jẹ́ ti ẹnu, àwàdà ìbálòpọ̀, ọ̀rọ̀ nípa bí ìdí yín tàbí ọyàn yín ṣe rí, bíbi yín léèrè ohun tí ẹ̀yin àti ọkọ yín ń ṣe lálẹ́, kódà kí wọ́n máa súfèé tẹ̀ lé yín. Ó lè jẹ́ èyí tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, kí wọ́n máa fi àwòrán ìhòhò hàn yín, kí wọ́n máa ṣe ojú tàbí ọwọ́ sí yín. Ìkẹrin ni èyí tí gbogbo wa mọ̀ jù, fún mi kí n fún ọ: iṣẹ́, ìgbéga, owó oṣù, ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n má lé yín, gbogbo ẹ̀ á wá dá lórí pé kí ẹ bá a sùn. Mo mọ àwọn obìnrin tó fara da "àwàdà" fún ọdún mẹ́rin torí wọ́n rò pé àfi tí wọ́n bá fọwọ́ kan èèyàn kó tó di ẹjọ́. Àwàdà yẹn gan-an wà nínú ìwé.

Ẹjọ́ kan tún wà tí mi ò lè gbàgbé láéláé. Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà, l'Ékòó, lọ́dún 1995. Ó lóyún, ara ẹ̀ ò yá, ilé ìwòsàn aládàáni tó ti ń ṣiṣẹ́ ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò, wọn ò sọ fún un pé HIV ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Nígbà tí èsì jáde, wọ́n lé e, oyún náà sì wálẹ̀ lára ẹ̀ lẹ́yìn náà. Ó gbé wọn lọ sí kóòtù lọ́dún 2000. Lọ́dún 2001, adájọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ yẹn ò jẹ́ kó wọlé, ó ní àfi kí àwọn onímọ̀ kọ́kọ́ wá fi dá òun lójú pé wíwà ẹ̀ nínú kóòtù ò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ẹ fọkàn yàwòrán ẹ̀, wọ́n dẹ́yẹ sí èèyàn níbi iṣẹ́, ó sáré lọ síbi tí wọ́n ti ń gbèjà ẹni, wọ́n tún ní kó dúró síta. Obìnrin náà ò padà lẹ́yìn. September 2012 ni ilé ẹjọ́ gíga tó wà n'Íkẹjà wá dá a láre, mílíọ̀nù 7 náírà, ọdún 17 lẹ́yìn tí wọ́n lé e. Lónìí, òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014 torí HIV ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí agbanisíṣẹ́ tó lè fi àyẹ̀wò HIV ṣe gbèdéke kí èèyàn tó wọlé síṣẹ́ tàbí kó tó dúró síbẹ̀. Síbẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ pé wọ́n ń ní kí àwọn èèyàn lọ ṣe "medical" láìsọ ohun tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Ti oyún gan-an ńkọ́? Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, abala 54, fún obìnrin ní ọ̀sẹ̀ 12, mẹ́fà ṣáájú ìbímọ àti mẹ́fà lẹ́yìn ẹ̀, ó sì ní tí obìnrin bá ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́ yẹn, owó tí wọ́n máa san fún un lásìkò náà ò gbọdọ̀ dín sí ìdajì owó oṣù ẹ̀. Tó bá padà, kí wọ́n fún un ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ láti fọ́mọ lọ́mú. Ó sì ní wọn ò gbọdọ̀ fún un ní létà ìléniṣẹ́ nígbà tó bá wà lórí lífù yẹn. Ẹ rí ibi tí ihò wà? Nígbà tó bá wà lórí lífù. Nítorí náà ilé iṣẹ́ tí ò fẹ́ san owó yẹn máa ń sáré lé obìnrin nígbà tí oyún ẹ̀ bá wà ní oṣù mẹ́rin, márùn-ún, kí àsìkò lífù tó dé rárá. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń ṣe ìṣírò ẹ̀. Wọ́n á ka oṣù lórí ìka bí ìgbà tí ẹbí ń retí ọmọ, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tí wọ́n máa lé e ni wọ́n ń wá.

Ibì kan ṣoṣo tí mo ti rí i tí wọ́n kọ ìdí sínú ìwé láìfi bọ̀ ni iṣẹ́ ọlọ́pàá. January 2021, wọ́n yọ ọlọ́pàá obìnrin kan ní Ìpínlẹ̀ Èkìtì, kọ́púrà ni, wọ́n ní torí ó lóyún láìlọ́kọ. Ìlànà ọlọ́pàá tó ti wà tipẹ́, nọ́ńbà 127, ni wọ́n tọ́ka sí, ó ní ọlọ́pàá obìnrin tí kò lọ́kọ tó bá lóyún, kí wọ́n yọ ọ́, kò sì gbọdọ̀ padà wọlé àfi tí ọ̀gá ọlọ́pàá pátápátá bá fọwọ́ sí i. Ọlọ́pàá ọkùnrin tó bá fún obìnrin lóyún láìgbé e níyàwó ńkọ́? Kò sí nǹkan kan tó kàn án níbẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn lọ́yà Nàìjíríà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí Federal High Court l'Ábùjá, lọ́dún 2022 adájọ́ ibẹ̀ da ẹjọ́ wọn nù. Ṣùgbọ́n nígbà tí obìnrin yẹn fúnra ẹ̀ gbé tiẹ̀ dé kóòtù òṣìṣẹ́ l'Ákùúrẹ́, adájọ́ ní ìlànà 127 yẹn ta ko abala 42, ó fagi lé e, ó sì ní kí wọ́n san mílíọ̀nù 5 náírà fún un. Ohun tó ràn án lọ́wọ́ ni pé àwọn ọlọ́pàá kọ ìdí sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni ni, létà ìlà mẹ́rin ló máa gbà.

Ti bánkì, ẹ̀yin tó wà níbẹ̀ mọ̀ ju èmi lọ. Ọmọbìnrin ọdún 24, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí NYSC, wọ́n gbé tágẹ́ẹ̀tì tí bàbá ẹ̀ pẹ̀lú gbogbo ìdílé ẹ̀ ò rí rí lé e lórí, wọ́n ní kó lọ bá àwọn ọlọ́rọ̀ sọ̀rọ̀ kí wọ́n wá kówó pamọ́ sọ́dọ̀ wọn. Ọlọ́rọ̀ ní kó wá bá òun ní hòtẹ́ẹ̀lì. Tó bá padà sọ fún máńéjà, máńéjà á ní ṣé ọmọdé ni ẹ́ ni. Àwọn kan tiẹ̀ ti bá a nínú àdéhùn tí wọ́n tọwọ́ bọ̀ pé kí àwọn má ṣègbéyàwó tàbí kí àwọn má lóyún títí àkókò kan fi máa kọjá. Tí irú ẹ̀ bá wà nínú kọ́ńtíráàtì yín, ẹ ya fọ́tò ẹ̀ lónìí, ẹ má dúró dọ̀la, torí ó jẹ́ ọ̀kan lára ìgbà díẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ọ́.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwọn tó ń wọ súùtù àti táì nìkan ni à ń sọ, ó ṣì í. June 2019 ni àjọ òṣìṣẹ́ lágbàáyé, ILO, fẹnu kò lórí Àdéhùn 190 ní Geneva, lórí ìwà ipá àti ìyọlẹ́nu níbi iṣẹ́. Nàìjíríà tọwọ́ bọ̀ ọ́ ní November 2022, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú wa láti November 2023. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni pé kò ní kí èèyàn mú létà ìgbanisíṣẹ́ wá kó tó gbèjà ẹni. Ó dárúkọ ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó dárúkọ ẹni tó ń wá iṣẹ́, ẹni tí wọ́n ti lé níṣẹ́, ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ó kan àwọn tí kò sí níwèé ìjọba kankan, iyẹn àwọn tí wọ́n ń rán aṣọ, tí wọ́n ń ṣe irun, tí wọ́n ń tún mọ́tò ṣe, tí wọ́n ń tajà fún ọ̀gá. Ó kan ojú ọ̀nà tí ẹ gbà lọ síbi iṣẹ́, ilé tí agbanisíṣẹ́ fún yín gbé, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ wo ọmọbìnrin ọdún 17 tí wọ́n fi kọ́ṣẹ́ télọ̀ ní Òṣogbo, tó ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá ẹ̀, tí ọkọ ọ̀gá ń kàn án lọ́yàn nígbà tó bá ń pọnmi, tí ìyá ẹ̀ á sì ní kó fara dà á, ó ku oṣù mẹ́jọ kó gba fírídọ̀mù. Òun náà, òṣìṣẹ́ ni.

Báwo lẹ ṣe máa kọ ọ́? Ẹ má kọ ọ́ bí àdúrà, ẹ má kọ ọ́ bí èébú. Ẹ kọ ọjọ́, aago, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí ẹni náà sọ gan-an bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀, tó bá jẹ́ Yorùbá ló fi sọ ọ́ ẹ kọ ọ́ ní Yorùbá, tó bá jẹ́ pijin ẹ kọ ọ́ ní pijin. Nǹkan báyìí: "Wednesday 14 March, aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, ẹnu ọ̀nà stọ́ọ̀. Ọ̀gá sọ pé 'ṣé o ò mọ̀ pé èmi ni mo máa sáìnì fọ́ọ̀mù ẹ?' ó fi ọwọ́ gba mi nídìí. Dírẹ́bà wà níbẹ̀, Ìyá Ìbejì tó ń gbálẹ̀ náà wà níbẹ̀. Mo sọ fún un pé mi ò fẹ́." Ìyẹn ti tó. Ẹ má kọ "ọ̀gá mi burú, Ọlọ́run á mú un," torí kóòtù ò lè fi ìyẹn ṣe nǹkan kan. Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, kí oorun tó kùn yín. Ẹ má tọ́jú ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì, torí ọjọ́ tí wọ́n bá lé yín ni wọ́n máa tì í pa, mo mọ̀ torí àwa la máa ń pe àwọn IT kí ẹni náà tó dé láti yàrá tí a ti ń fún un ní létà. Fóònù tiyín, ímeèlì tiyín, tàbí ìwé tí ẹ rà lówó yín.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí HR. Mo mọ ohun tí ẹ máa sọ, pé HR wà fún ilé iṣẹ́. Òótọ́ ni, HR kì í ṣe lọ́yà yín, èmi tí mo ti wà níbẹ̀ ló ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ímeèlì yẹn ò fi dandan jẹ́ torí kí wọ́n lè ràn yín lọ́wọ́. Iṣẹ́ ẹ̀ ni pé láti ọjọ́ yẹn lọ, ilé iṣẹ́ ò lè sọ pé àwọn ò mọ̀. Tí wọ́n bá sì lé yín ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ímeèlì yẹn, adájọ́ á rí ọjọ́ méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí wọ́n bá pè yín wọlé kí ẹ wá sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ lọ, tí ẹ bá jáde kí ẹ tún fi ímeèlì sọ ohun tí ẹ sọ níbẹ̀.

Ohun kan tún wà tí wọ́n máa ń ṣe, ó sì ń dùn mí torí mo ti rí i lójú mi. Wọ́n á pe èèyàn wọlé, ọ̀gá méjì, lọ́yà ilé iṣẹ́, wọ́n á ní kó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n lè kọ ìwé tó dáa fún un, kí ìwé ẹ̀ má bàjẹ́. Wọ́n á gbé bírò lé e lọ́wọ́. Ẹ má kọ ọ́ níbẹ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ lọ rò ó. Ẹni tó bá ti kọ̀wé fúnra ẹ̀, ẹrù tó máa gbé ní kóòtù ti di méjì, á kọ́kọ́ fi hàn pé wọ́n fi tipá mú òun kọ ọ́ ni, kó tó wá sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un.

Ti rẹ̀kọ́ọ̀dù, àpẹẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀ ni ti OAU n'Ífẹ̀. Lọ́dún 2018, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan rẹ̀kọ́ọ̀dù ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń bá a dúnàádúrà lórí fóònù pé ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni kó bá òun sùn kí òun tó jẹ́ kó yege. Ilé ìwé lé ọ̀jọ̀gbọ́n náà, kóòtù l'Óṣogbo sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún méjì ní December ọdún yẹn. Ọ̀rọ̀ ilé ìwé nìyẹn, kì í ṣe ọ́fíìsì, àmọ́ tí kì í bá ṣe fóònù yẹn, ta ló máa gbà á gbọ́ lójú ọ̀jọ̀gbọ́n tó tún jẹ́ àlùfáà?

Ẹni tí kò lówó lọ́yà, ní Èkó, ẹ lọ sí Office of the Public Defender, ti ìjọba ìpínlẹ̀ ni, ọ̀fẹ́ ni. Legal Aid Council wà fún gbogbo Nàìjíríà. Tó bá jẹ́ ìlọ̀kulọ̀ tàbí ìfipábánilòpọ̀ ni, DSVA, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìwà ipá nínú ilé àti ti ìbálòpọ̀, wà l'Ékòó, òfin ìwà ọ̀daràn ti Èkó tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011 sì ti sọ pé ẹni tó bá fi ìlọ̀kulọ̀ yọ ọmọlàkejì lẹ́nu lè fi ọdún mẹ́ta ṣẹ̀wọ̀n. Ìyẹn ni pé ẹ lè lọ sí tẹ́ṣàn, kẹ́ ẹ sì tún lọ sí kóòtù òṣìṣẹ́, ọ̀kan ò dí èkejì lọ́wọ́. Àwọn ọkùnrin náà, wọ́n ń ṣe é fún yín, ẹ sì máa ń gbé e mì torí ẹ̀sín. Òfin ò ní obìnrin nìkan. Àwọn tó ní ìpèníjà ara, òfin tí Ààrẹ buwọ́ lù ní January 2019 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan rí i pé ó kéré tán, ìdá 5 nínú 100 àwọn òṣìṣẹ́ òun jẹ́ irú yín. Ẹ bi wọ́n níbẹ̀ iye tí wọ́n ní.

Àwọn èèyàn wa tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní Bìrìtìkó, tiyín tún yàtọ̀, torí ilé iṣẹ́ tó ń yọ yín lẹ́nu náà ló fi físà mú yín lọ́rùn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan sọ́kàn: òfin Equality Act ti 2010 gbèjà yín láìka físà yín sí, àmọ́ àkókò ẹ̀ kúrú, oṣù mẹ́ta dín ọjọ́ kan láti ọjọ́ tí nǹkan náà ṣẹlẹ̀ ló ti wà tipẹ́. Wọ́n ti ń sọ ọ́ di oṣù mẹ́fà, ṣùgbọ́n ẹ máa fi mẹ́ta ṣe ìṣírò yín kí ọ̀rọ̀ má bàa bọ́ sórí. Acas, àjọ tó ń bá òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ yanjú aáwọ̀ níbẹ̀, lẹ máa kọ́kọ́ kàn sí, ọ̀fẹ́ ni, ẹ ò lè dé tribunal, ìyẹn kóòtù òṣìṣẹ́ tiwọn, láìgba ọ̀dọ̀ wọn. Láti October 2024 ni wọ́n sì ti sọ ọ́ di dandan fún agbanisíṣẹ́ níbẹ̀ pé kó ṣe ohun tó yẹ kí ìlọ̀kulọ̀ má tiẹ̀ ṣẹlẹ̀ rárá, kó má dúró dìgbà tí ẹnì kan bá sunkún.

Lálẹ́ ọjọ́ tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé létà yẹn wá, a jókòó títí di aago méjìlá ààbọ̀. Mo ní kó sọ gbogbo ohun tó bá rántí, mò ń kọ ọ́, mo kọ ọjọ́ tí à ń kọ ọ́ sókè ìwé kó lè hàn gbangba pé ohun tó rántí lẹ́yìn náà la kọ, kì í ṣe ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an la kọ ọ́. Nígbà tó yá ó mú fóònù ẹ̀, ó ń wá bóyá ó sọ fún ẹnì kan lọ́jọ́ mítìn-ín yẹn. Ó rí i. Ọ̀kan lára àwọn mọ́kànlá yẹn ti fi vóìsì nóòtì ránṣẹ́ sí i lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, ìṣẹ́jú àáyá 40 ni: "Má dá ọ̀gá lóhùn, jọ̀ọ́, ohun tó sọ nípa oyún ẹ yẹn ò dáa rárá, bó ṣe ṣe fún ẹni tó wà níbí ṣáájú ẹ náà nìyẹn kí wọ́n tó ní kó máa lọ." Mo ní kó má pa á rẹ́, kó fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹ̀ kíákíá.

Lọ́yà tí a rí gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá béèrè ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú. A wá obìnrin náà kàn ní Ṣàgámù, létà tiẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ìlà mẹ́rin ni, ọ̀rọ̀ kan náà, àdúrà ìparí náà ò yí padà. Wọ́n ti jọ kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ yẹn báyìí, ilé iṣẹ́ sì ti fèsì pé àwọn fẹ́ kí wọ́n jókòó sọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn tí èsì yẹn dé ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi bímọ.